Ọjọ́ Tí A Sin Adìẹ Mi ní Mowe

Ọjọ́ tí àìsàn wọ ilé adìẹ mi ní Mowe kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Àṣà wa ni pé ká tètè dúńbú èyí tó ṣì ń mí, ká pín in fún aládùúgbò. Mo ti mú ọ̀bẹ kí Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi tó kúnlẹ̀. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní yunifásítì, lórí bí àìsàn ṣe ń ti ara ẹran àti omi dé ara ènìyàn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àìsàn lẹ fẹ́ pín yẹn.”

Ìyá Sẹ́fíù aládùúgbò wa ti gbé abọ́ dé. “Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwé ló ní kí ẹ ṣahun?”

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀, mo gbé ṣọ́bìrì. A sin gbogbo wọn, jìnnà sí kànga.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, adìẹ Ìyá Sẹ́fíù náà ń kú. Ó padà wá láìgbé abọ́: “Àbẹ̀kẹ́, níbo ni kí n gbẹ́ kòtò sí?”