Ẹja Tí Mama Obiageli Gbé Lé Àwòrán Ilẹ̀ Mi

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé tí òórùn sìmẹ́ǹtì tútù gba gbogbo Oníṣà kan, mò ń yàwòrán ilẹ̀ fún iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan. Èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Ìjọba fẹ́ fa pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré kan gùn sí i lápá Nkwelle Ezunaka, àbàtà tí àwọn obìnrin abúlé ń dẹ ìgèrè ẹja sí sì wà lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin náà kò gbà títí ìjọba fi bá wọn ṣe àdéhùn: kí katakata tó bo àbàtà wọn, iléeṣẹ́ wa gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn tí ẹja lè gbé.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi nípa àbàtà. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, màá wọ bàtà ròbà, màá mú ọ̀pá tí mo fà sí ínṣì-ínṣì, màá sì máa kọ jíjìn omi sínú ìwé: òṣíbàtà níbi tí omi dé orúnkún, eèsún létí ibi tó ti ń gbẹ. Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ wa gbẹ́ àbàtà tuntun tán, mo mọ̀ pé ìyà ń bọ̀. Kòtò onígun mẹ́rin ni, etí rẹ̀ gún bí ògiri, kò sì ní ojú omi kankan tó so ó mọ́ odò. Àrọ̀ kì í yé ẹyin sírú ibẹ̀. Inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò ló ti ń yé.

Mama Obiageli, opó tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin náà, yọjú wo inú rẹ̀. Ó pè mí ní orúkọ tí wọ́n fi ń pa àwa Yorùbá lẹ́rìn-ín níbẹ̀ nítorí ọbẹ̀ elépo wa.

"Ofe Mmanụ, kànga lẹ gbẹ́ yìí. Ṣé okùn ni kí n máa fi fa ẹja ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn síwájú katakata, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn kò ní dìde àfi bí a bá la ojú omi láti odò wọ inú kòtò náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ṣèpàdé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a gbè sẹ́yìn wọn, àwọn awakọ̀ sì pa ẹ́ńjìnnì. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ohunkóhun kò mira.

Ní ọjọ́ kẹrin ni Ẹnjiníà Bámgbóyè, ọ̀gá wa, dé. Yorùbá bíi tèmi ni. Ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò.

"Àbàtà àtijọ́ gan-an kò kan odò. Ilẹ̀ gbígbẹ ló wà láàárín wọn. Kí ni wọ́n ń bèèrè ojú omi fún?" Ó yíjú sí mi. "Àbí ìwọ kọ́ lo yà á?"

Èmi ni mo yà á, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo sì wọn ilẹ̀ náà. Èmi tí àwọn baba mi ń sọ pé àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan!

"Èmi ni, sà. Mo ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo wọ̀n ọ́n."

"Níwájú àwọn èèyàn yìí? Àwa tá a jọ ti ilé wá, ìwọ lo ń já mi jù sílẹ̀?"

"Ẹ má bínú, sà. Odò àti àbàtà náà jọ ti ilé kan wá ni."

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa sí èdè Ìgbò fún Mama Obiageli. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. "Ó wọn ẹni tó ká ẹsẹ̀ jọ sùn, ó wá kọ ọ́ pé kò lẹ́sẹ̀!"

Ló bá mú ọkọ́, ó rìn lọ sí àárín ilẹ̀ gbígbẹ tí mo yà náà, níbi tí oòrùn ti la ilẹ̀ pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́, ẹrẹ̀ tútù sì yọjú. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa àrọ̀ kan jáde láàyè, ẹja náà ń la ẹnu. Mama Obiageli padà síbi mọ́tò, ó gbé e lé àwòrán mi lórí.

"Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tó gbà débẹ̀."

Awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà wo ẹja, ó wo ẹrẹ̀ tó ti ba ìwé jẹ́.

"Ẹ la ojú omi náà," ó wí. "Kí ẹ sì ṣe etí kòtò yẹn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú omi."

Ọ̀nà tí àwọn obìnrin náà gbà sọ kòtò di àbàtà ni mo ṣì ń yìn títí di òní. Abọ́ ni wọ́n fi ru ẹrẹ̀ àbàtà àtijọ́ lórí lọ sínú tuntun, nítorí inú ẹrẹ̀ náà ni irúgbìn gbogbo wà. Ní òjò kejì, kọ̀ǹkọ̀ ń ké níbẹ̀, lékèélékèé bà, àrọ̀ wọlé. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé mi, omijé sì ń dà lójú mi.

A pàdánù pẹ̀lú. Ibi tó jìn jù nínú àbàtà àtijọ́ wà lábẹ́ ọ̀dà báyìí, ẹja wẹ́wẹ́ kan tó ń gbébẹ̀ kò sì dé inú tuntun rí. Iléeṣẹ́ gba gègé ìyàwòrán lọ́wọ́ mi nítorí àṣìṣe tí mo jẹ́wọ́, wọ́n fi mí ṣọ́ ibi ìkẹ́rùsí títí mo fi kúrò. N kò kábàámọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú omi máa ń dí bí a kò bá kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ọmọ àwọn obìnrin náà sì ti ní ìsọ̀ lọ́jà Ochanja, wọn kì í wá kó ẹrẹ̀ mọ́. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, Mama Obiageli tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ àti ìyá méjì péré ni mo bá nínú ẹrẹ̀ náà, tí ọkọ́ ń wúwo fún wọn. Mo bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Àwọn ìyá yìí ti ja ìjà tiwọn tán. Kíkó ẹrẹ̀ ló kù sí wa lọ́wọ́, òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í dúró de ẹni tó ń ṣèpàdé.