Ajá Tó Ń Hu Lẹ́yìn Ìyá Mi

Láàárọ̀ yìí, bí aládùúgbò mi ní Ìtèlé ti ti géètì rẹ̀, tó forí lé ọ̀nà Ṣàngó, ni ajá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Àgbà bíi tèmi, àyà mi já.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, nínú agbo ilé wa ní Ọ̀tà, a ní ajá pupa kan, Tanímọ̀la. Ìyá mi ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí ìyá mi ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì ní Ṣàngó, ọ̀rọ̀ di ẹ̀rù. Bó bá ti gbé báàgì kọ́ apá báyìí, ara ajá á máa gbọ̀n, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jáde tán, ajá á ha ilẹ̀kùn títí èékánná rẹ̀ á fi ṣẹ̀jẹ̀, á wá máa hu bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

“Ajá kì í hu lásán,” ni ìyá bàbá mi máa ń wí fún mi. “Ó ti rí ohun tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ.”

Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi àti ajá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, à ń wo títì, títí ìyá mi á fi yọ pẹ̀lú òórùn bisikíìtì lára aṣọ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé wá pinnu pé tó bá di Sátidé, kí wọ́n fa ajá náà fún ọdẹ kan ní Ìjù. Ẹ̀rù mi di méjì. Bí wọ́n bá mú un lọ, ta ni yóò máa bá mi dúró de ìyá mi?

Kí Sátidé tó pé, ibà dá ìyá mi dúró sílé. Gbogbo wa jáde, a tún wọlé, Tanímọ̀la kò hu rárá. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ló sùn sí. Ìyá mi wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi àárẹ̀ rẹ́rìn-ín.

“Ìyá, ṣé ikú ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí ni? Ẹ̀rù ló ń ba ajá yìí. Ó rò pé mi ò ní padà wá.”

Ìyá àgbà ránṣẹ́ sí ọdẹ pé kó ṣì ṣe sùúrù.

Bí ara ìyá mi ti yá, ó gbé báàgì, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó tún gbé e, ó dé ìkángun ilé, ó padà. Bó bá wá ń lọ síbi iṣẹ́ lóòótọ́, á tẹ́ ìró tó fi sùn sílẹ̀ fún ajá, kó máa gbóòórùn rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, híhu náà rọlẹ̀, ọdẹ kò sì wá mọ́. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀kọ mi tán. Títí dòní, n kò mọ èwo nínú àwa méjèèjì gan-an ni ìyá mi ń kọ́.

Agbo ilé wa ti di ṣọ́ọ̀bù, géètì sì ti ga ju ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ẹni tó bá jáde nílé kò yí padà. Bí aládùúgbò mi bá dé, n ó ní kó máa fi aṣọ rẹ̀ kan sílẹ̀ fún ajá. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún tí ìyá mi lọ tí kò padà mọ́, ìró rẹ̀ ni mo ń fi bora sùn.