Yétúndé Tí Bàbá Mi Ń Dọ̀bálẹ̀ Kí

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ kékeré ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá pe Yétúndé ní àdúgbò wa máa rí ọmọbìnrin tó pọ̀ tó máa dáhùn. Ní kíláàsì wa, tíṣà ní láti pín wa sí Yétúndé Gíga, Yétúndé Pupa àti Yétúndé Eléyín. Èmi ni Eléyín, nítorí eyín iwájú mi yọ síta díẹ̀. A ò tíì ka àwọn Ìyábọ̀ àti Yéwándé o, tó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa gbà wọlé: ìyá àgbà kú, wọ́n bí ọmọbìnrin tẹ̀lé e, wọ́n ní ìyá ti tún dé. Ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Oyún mi wà nínú màmá mi nígbà tí ara ìyá bàbá mi ò yá nílé, tí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Bàbá mi ní kí òun gba lífù níbi iṣẹ́ ná, kí òun lè pẹ́ lọ́dọ̀ ìyá òun dáadáa. Kí lífù tó jáde, ìyá ti kú. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í gbé òkú sùn, nítorí náà kó tó délé, wọ́n ti sin ín. Kò rí ojú ìyá rẹ̀. Oṣù yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi bí mi.

Àwọn bàbá míì máa ń fi Yétúndé tiwọn ṣẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n á ní, ìyá mi, ẹ fún mi lẹ́ran jẹ. Ti bàbá mi kọjá ẹ̀fẹ̀. Láràárọ̀, kó tó wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́, á dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á kí ìyá rẹ̀. “Ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kò sì nà mí rí. Àbúrò mi ọkùnrin ló mọ bí pàṣán ṣe ń dunni. Inú mi dùn sí i, kí n má parọ́. Ọmọdé wo ni irú ẹ̀ ò ní dùn mọ́ nínú?

Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wá kí wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọ́n rò pé mo ti sùn. Ó ń sọ fún màmá mi pé títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ìyá àwọn, ẹnu ọ̀nà ló ń wò, tó ń bèèrè bóyá ọmọ òun ti dé. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí bàbá mi gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn láéláé. Èmi ni mo gbọ́ ọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá mi ní kí n mójú tó àbúrò mi kí òun fi lọ sí Ìyànà Ìpájà. Mo fi ọmọ sílẹ̀, mo bá àwọn Yétúndé yòókù lọ ṣeré lójú títì. Bí bàbá mi ṣe ń tibi iṣẹ́ bọ̀, ló rí ọmọ náà tó ti gun etí kànga, tó ń yọjú wo omi. Ó fà á kalẹ̀. Ló bá mú pàṣán, ó pè mí. Ẹ̀rù bà mí, ó sì dùn mí pé ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ló fẹ́ nà mí lójú gbogbo ayálégbé. Mo wò ó lójú.

“Èmi lo fẹ́ nà? Mo ránṣẹ́ pè ọ́, o ò wá.”

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe fi “o” bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin ayálégbé kan tó ń fọṣọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Pàṣán bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀.

“Ẹ dárí jì mí, ìyá mi. Lífù ni mò ń dúró dè.”

Kò dìde. Ọ̀rọ̀ ìdáríjì kan ló ń retí lẹ́nu mi, mo sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Ojú tì mí, mo sá wọ yàrá. Obìnrin tó ń fọṣọ ló fà á dìde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún dọ̀bálẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, tó bá kí mi tán, kì í tètè dìde mọ́. Á dúró díẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Èmi á ní ẹ káàárọ̀ sà, màá gbé báàgì mi. Bí mo ṣe ń dàgbà ni ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń wúwo lẹ́nu mi. Mo ní tí mo bá ṣèdánwò tán, n ó sọ ọ́. Mo ní tí mo bá lọ́kọ. Èmi náà ń dúró de lífù tèmi.

Ilé ọkọ ni mo wà ní Àgbàdo nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ara bàbá mi ò yá. Mo bá a láàyè. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, ìyá mi.” Èrò pọ̀ nínú yàrá, mo bèèrè bóyá ó ti lo oògùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ.

Oyún wà nínú mi nígbà náà, mo sì bí ọkùnrin. Babátúndé ló yẹ kó jẹ́, èmi ni mo kọ̀. Àsìkò yẹn ni àáfà àti pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù pé ẹni tó bá kú kì í padà wá, àwọn èèyàn sì rò pé ìwàásù ló wọ̀ mí létí. Lónìí, ẹ lè rìn láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgandò kí ẹ má gbọ́ kí ìyá kan pe ọmọ jòjòló ní Yétúndé. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi yẹn wà ní kékeré, ọ̀pọ̀ àárọ̀ ni mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni ń so okùn bàtà rẹ̀, tí mo fẹ́ ní, bàbá mi, ẹ má bínú. Mi ò sọ ọ́. Mo mọ èsì tí ọmọdé lè fọ̀, èmi náà ti fọ̀ ọ́ fún bàbá mi rí.