Kabúrétọ̀ Díákónì Adésànyà

Bí ẹ bá gba Baṣọ̀run kọjá lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ rí bàbá arúgbó kan tó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù, tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ nìkan ló kù níta, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ. Díákónì Adésànyà ni. Píkọ́ọ̀pù Pijó yẹn ló fi ń kó oúnjẹ adìẹ nígbà tó ṣì lágbára. Nígbà tó yá, ó gbé e tì sínú ọgbà, òjò pa á, oòrùn pa á, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dípẹtà, adìẹ sì ń yé ẹyin sórí àga rẹ̀. Ìgbà tí bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ló ní òun máa fọwọ́ ara òun tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ní kó kúkú tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, torí ó ti gbó. Díákónì bi í pé òun náà ti gbó, ṣé wọ́n ti ta òun ni?

Ẹnì kan péré ló bá a fara mọ́ iṣẹ́ náà, ìyẹn Godswill, ọkọ Wùnmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Díákónì bí. Ọmọ Delta ni Godswill, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí Wùnmí kọ́kọ́ mú un wálé, Díákónì fajú ro. Ó gbà nígbẹ̀yìn, àmọ́ gbígbà ẹnu ọ̀tọ̀, gbígbà ọkàn ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, Sátidé kan kì í gorí Sátidé kí ọkùnrin yìí má wá bá àna rẹ̀ ha ìpẹtà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ tú kabúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó lè ṣiṣẹ́. Wọ́n fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Godswill gbé e sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dádì, nǹkan yìí ti ṣọ̀wọ́n o. Àwọn tó ń wá a ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta pááàtì mọ́tò, pọ̀ gan-an."

Ọ̀rọ̀ yìí ló kó bá a. Nígbà tí Godswill àti Wùnmí jọ wá ní Sátidé kejì, wọ́n wá kabúrétọ̀ títí, wọn kò rí i. Díákónì tú gárééjì, ó tú abẹ́ àga, òógùn bò ó. Ló bá kọjú sí àna rẹ̀.

"Ta ló tún mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n? Mo mọ irú ibi tí o ti wá. Mo sọ fún Wùnmí nígbà náà, kò gbọ́. Olè!"

"Bàbá Wùnmí!" ìyàwó rẹ̀ kígbe. Àmọ́ ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Wùnmí ní, "Dádì, ọkọ mi kì í ṣe olè. Bí ẹ ò bá kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ, ẹ ò ní rí mi nínú ilé yìí mọ́." Ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Díákónì fẹ́ kun bàtà funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn Oúnjẹ Olúwa. Ó ṣí páálí bàtà náà, ó sì bá kabúrétọ̀ nínú ẹ̀, tí wọ́n fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé. Síńgílẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló wé e, lọ́jọ́ tí olè jí bátìrì mọ́tò ará ilé kejì. Ó tiẹ̀ yin ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé olè wo ló máa wá nǹkan mọ́tò débi páálí bàtà. Ó gbọ́n títí, ó gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ. Ojú tì í débi pé kò lè wo dígí tó wà lára wọ́dúróòbù.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà Wùnmí, ó sì pa á kó tó dún. Kí ló fẹ́ wí? Pé òun tí òun ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ níjọ́ tí òun ṣe tíṣà, òun ló fọwọ́ ara òun gbé nǹkan pamọ́, tí òun wá ń pe ẹlòmíì lólè? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ Díákónì kò ṣe tán láti kú, kò sì ṣe tán láti gba ẹ̀sín. Ó ti páálí padà sábẹ́ ibùsùn. Ó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń sunkún ọmọ ní kíṣìnnì, kò sọ fún un.

Ní Sátidé, wọ́n dé. Godswill ló ṣáájú, Wùnmí tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ le. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Godswill ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ píkọ́ọ̀pù, nínú epo dúdú tó ń kán sílẹ̀. Ó na láílọ́ọ̀nù kan sí àna rẹ̀.

"Dádì, èmi ni mo mú un. Mo fẹ́ tà á ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Díákónì wo inú láílọ́ọ̀nù náà. Kabúrétọ̀ ni lóòótọ́, ó sì jọ tirẹ̀, àmọ́ ọ̀dà pupa tí òǹtajà fi sàmì sí i ṣì wà lára rẹ̀. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin yìí ti lọ ra ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, kí ìyàwó rẹ̀ lè tún wọ ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ sì wo ohun tí Díákónì ṣe! Dípò kó sọ òótọ́, ó túnra mú, ó di àgbà ìjọ.

"Dìde, ọmọ mi. Mo ti foríjì ẹ́."

Ìyá Wùnmí bú sẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wùnmí nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò, níbi tó ti dìde dórí ìkúnlẹ̀.

"O mú un?"

Godswill kò gbójú sókè.

"Mo bá bàbá mi jà nítorí ẹ. Godswill, ṣé o mú un lóòótọ́?"

"Mo mú un."

Wùnmí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí èèyàn ṣe ń sún fún àlejò nínú ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ rí i bó ṣe sún. Gbogbo ìdáríjì tó fi ẹnu ṣe di ohun kíkorò lọ́fun rẹ̀.

Ó wọlé, ó gbé páálí jáde, ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú síńgílẹ́ẹ̀tì kúrò lára ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Tèmi nìyí. Èmi ni mo gbé e pamọ́ tí mo gbàgbé. Godswill ò mú nǹkan kan. Ó lọ ra èyí ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ìyá Wùnmí. Wùnmí wo kabúrétọ̀ àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó wá wo bàbá rẹ̀.

"Dádì, ìgbà wo lẹ rí i?"

Ó lè ní àárọ̀ yìí ni. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀."

Ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ pariwo mọ́ òun. Ìyẹn ì bá sàn. Wùnmí kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ sínú epo dúdú yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọkọ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Mo ti lọ gbà pé o jí i. Jọ̀ọ́."

Ìyá Wùnmí náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ àna rẹ̀. Godswill ń gbé e dìde, ó ń wí pé kò sí nǹkan, Mọ́mì, kò sí nǹkan. Díákónì dúró ti píkọ́ọ̀pù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sì sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.