Jáàsì Inú Àpótí Màmá Onírẹ́kọ́ọ̀dù

Nígbà tí mo ṣì ń sùn lórí ẹní ìyá mi, tí pàṣán ààfáà ń bà mí lẹ́rù ju ọjọ́ ìdájọ́ lọ, Ilo-Awela là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síra wọn. Láti Ìwó ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń rọ irin ní Sango. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi: ìtàn yìí ò buyì kún mi rárá. Ẹ má retí pé màá ṣe dáadáa nínú rẹ̀.

Obìnrin àgbà kan ló ń gbé yàrá tó gbẹ̀yìn. Màmá Onírẹ́kọ́ọ̀dù là ń pè é. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú máa ń fọn fèrè ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì Èkó. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ń fọn, èyí tí wọ́n ń pè ní jáàsì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Màmá á gbé giramafóònù rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan nítòsí wa, á máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ilé-iṣẹ́ ní ijó síwíìngì. Ijó eléèyàn méjì ni. Ọkùnrin á di ọwọ́ obìnrin mú, á fà á mọ́ra, á tún fì í síta, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì á sì máa ta lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn tó ti fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko gbé irin, tí ẹ̀yìn ń ro wọ́n, ẹ wá wò wọ́n lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ò ní mọ̀ wọ́n mọ́.

Àwo orin a máa gbó, nítorí náà Màmá a máa mú mi lọ wá òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọjà Sango. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́ páálí, á máa fa àwo yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé e sí oòrùn, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kó lè rí ibi tó ti ha. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú rẹ̀, etí rẹ̀ ni kí n dì mú. Èyí tó bá ha ní ìbú, ká fi í sílẹ̀, torí abẹ́rẹ́ á máa fò, oníjó á sì ṣubú. Èyí tó kàn dọ̀tí, omi á yanjú ìyẹn. Nígbà mìíràn á ka orúkọ orin lára páálí, á fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀, á ní, "Èyí yára jù. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi ò tíì dé ibẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn oníjó rẹ̀ lọ jó níwájú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn. Mo sá ní ilé-kéú, mo bá a lọ. Ìgbà tí a máa fi dé, ààfáà ti ránṣẹ́ sílé, bàbá mi sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa pẹ̀lú pàṣán. Ó ní níbo ni mo lọ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí o. Ní Sango wa, bí wọ́n bá ní lágbájá ní jáàsì, orin kọ́ ni wọ́n ń wí. Oògùn ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe èèyàn. Bàbá mi ò mọ jáàsì mìíràn láyé rẹ̀. Èmi mọ méjèèjì. Mo wo pàṣán yẹn, mo ní, "Màmá Onírẹ́kọ́ọ̀dù ló ní kí n bá òun ru jáàsì."

"Jáàsì kẹ̀? Ó ní jáàsì nínú ilé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó kún inú àpótí rẹ̀."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, àbí? Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn.

Bàbá mi gbàgbé pé òun fẹ́ nà mí. Ó pe onílé, onílé pe àwọn ọkùnrin ilé. Màmá ti gbé àwo tí a rà wọlé, ó sì ti lọ pọn omi. Wọ́n wọ yàrá rẹ̀, wọ́n gbé àpótí jáde, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láti fọwọ́ ṣí i. Ni wọ́n bá là á mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi igi lù ú. Ìgbà tí àwo tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ fọ́n jáde, tí wọ́n rí páálí tí wọ́n ya ọkùnrin tó ń fọn fèrè sí, gbogbo wọn ju igi sílẹ̀. Onílé ní, "Àṣé orin ni?"

Màmá dé pẹ̀lú garawa lórí. Ó sọ omi kalẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá wò mí. "Ọmọ mi, ìwọ tí a jọ lọ rà á, o ò wí fún wọn?"

Mo ní mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Irọ́ gan-an nìyẹn. Onílé ń bẹ̀ ẹ́, bàbá mi ò lè gbójú sókè, èmi ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Màmá kàn ní, "Kò burú." Lọ́jọ́ kejì àwọn oníjó rẹ̀ dé gbọ̀ngàn, wọ́n dúró títí, kò sí orin, wọ́n túká. Wọn ò jó níwájú ọ̀gá kankan. Kí oṣù yẹn tó parí, Màmá ti kó lọ sí Alapoti. Alapoti níbí yìí, tí èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ lóòjọ́. Ojú tì mí, mi ò lọ. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo wá gbóyà, wọ́n ní ó ti ṣaláìsí.

Ayé ti yí padà. Inú fóònù ni ẹ̀yin ti ń gbọ́ orin tó bá wù yín báyìí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jó síwíìngì ní Itele, kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Bí wọ́n bá pe jáàsì, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ yìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ àwo gidi, ti àtijọ́, wọ́n sì ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ wá a lọ́jà. Mo bá wọn ṣà á. Àwọn tí wọ́n mú, mo ní kí wọ́n dá púpọ̀ padà. Àwọn tí wọ́n fojú fò, mo yọ wọ́n jáde. Ẹnu yà wọ́n. Ọmọ-ọmọ mi ní, "Màmá àgbà, ta ló kọ́ yín?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé lógún ọdún dáadáa, òtítọ́ sì bá a lọ́jọ́ náà, lójú ọjà, lójú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ nà mí. Orúkọ Màmá ti dé ètè mi.

Mo ní èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi.