Ọlọ́pàá Tí Kò Gbọdọ̀ Mú Olè

Nínú bárékè àwọn ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó ń pe Sájẹ́ǹtì yìí lórúkọ àbísọ mọ́. Má-jẹ̀ẹ́-ó-lọ ni gbogbo ayé ń pè é, àfi ìyàwó rẹ̀. Olè tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, tiẹ̀ tán nìyẹn! Ó ti lé ọ̀kan rí tí bàtà rẹ̀ já, tí ṣòkòtò fàya, síbẹ̀ kò padà lẹ́yìn onítọ̀hún. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ò fi yé e rárá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yá ìjọba òkè òkun ní Sájẹ́ǹtì, bí ẹni yá aládùúgbò ní àkàbà.

"Ìjọba ọ̀hún ni yóò máa sanwó oṣù yín," akọ̀wé obìnrin tó ń ka àdéhùn iṣẹ́ fún un wí, "àmọ́ ọlọ́pàá tiwa lẹ ṣì jẹ́. Aṣọ tiwa lẹ ó máa wọ̀, ọ̀gá tiwọn lẹ ó máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni o."

"Ẹ dákun, mi ò gbọ́ ìyẹn dáadáa."

"Ẹ ò láṣẹ níbẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ kan èèyàn pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bùṣe, wọ́n á dá yín padà."

"Tí mo bá wá rí olè ńkọ́, màdáámù?"

"Ẹ pe ọlọ́pàá."

Sájẹ́ǹtì wo aṣọ ọlọ́pàá ọrùn rẹ̀, ó tún wo obìnrin náà. Kí ni wọ́n wá ń pe òun gan-an? Ó fẹ́ bi í, àmọ́ akọ̀wé ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn: ìjọba ọ̀hún yóò máa tọ́jú ìyàwó òṣìṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn. Kíndìnrín ìyàwó rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti jẹ gbogbo ohun tí wọ́n ní tán. Ó tọwọ́ bọ̀wé lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ dé òkè òkun, ọ̀rọ̀ ò lórí, kò nídìí. Ọ̀gá ti ibẹ̀ ní kó wá síbí, ọ̀gá ti ilé á pè é lórí fóònù pé kó má débẹ̀.

"Mi ò tiẹ̀ mọ èwo nínú wọn ni ọ̀gá mi," ó wí fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ máa kí àwọn méjèèjì, bàbá àwọn ọmọ. Kíkí ò kúkú ń dá egbò síni lẹ́nu."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti lókun àtiṣàwàdà bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, ó ń retí kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀ tán. Ìyá àgbà kan tó ń tẹ̀pá jáde bọ̀. Ọkùnrin kan já báàgì rẹ̀ gbà, ó sì sá tààrà sọ́dọ̀ Sájẹ́ǹtì. Ọwọ́ Sájẹ́ǹtì ò dúró gbàṣẹ. Ó gbá a mú lọ́rùn aṣọ, gbà! Ìgbà náà ló rántí ẹ̀rọ tó ń bẹ nínú ilé lọ́hùn-ún, àti ẹni tó sùn tì í. Ó tú ọwọ́.

Ó ya olè gan-an lẹ́nu. Ó dúró, ó ń wo Sájẹ́ǹtì bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà ló wá ki eré mọ́lẹ̀.

"Ọlọ́pàá!" Sájẹ́ǹtì figbe ta. "Ẹ pe ọlọ́pàá o!"

Gbogbo èèyàn kọjú sí fìlà orí rẹ̀. Ìyá àgbà na ọ̀pá sí àmì ọlọ́pàá tó wà láyà rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Sájẹ́ǹtì ò gbọ́ èdè náà, àmọ́ ìbéèrè yé e. Yéè, ojú tì í! Bí ilẹ̀ bá lanu, ì bá wọ̀ ọ́.

Ìgbà tó yíjú padà, ìyàwó rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rí gbogbo rẹ̀. Wọ́n rìn dé ibùdókọ̀.

"Ẹ ti gbá a mú," ìyàwó rẹ̀ wí níbẹ̀.

"Tí mi ò bá fi í sílẹ̀, wọ́n á dá wa padà. Ẹ̀rọ ọ̀hún..."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Èmi náà ò mọ̀, Má-jẹ̀ẹ́-ó-lọ."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Sájẹ́ǹtì ò mọ̀ bóyá ó ń bú òun ni tàbí ó ń bẹ òun.

"Ẹ rọra," obìnrin náà wí. "Ọwọ́ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ lẹ dì mú yẹn."

Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti dì í mú. Ó dẹ ọwọ́ díẹ̀, àmọ́ kò tú u sílẹ̀.