Adájọ́ Inú Fóònù Bàbá Fúnkẹ́

Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ni mo ṣe ní Ọ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwa là ń gba orúkọ olùpẹjọ́, ìyẹn ẹni tó mú ẹjọ́ wá, àti ti olùjẹ́jọ́, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹsẹ̀ olùpẹjọ́ máa ń yá. Olùjẹ́jọ́ ni kì í fẹ́ẹ́ wá. Akọ́dà wa, ẹni tó ń jíṣẹ́ kóòtù kiri, á gun ọ̀kadà dé Àgọ́ Aláyè, wọ́n á ní ẹni tó ń wá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, bẹ́ẹ̀ sálúbàtà onítọ̀hún wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo rí rí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jẹ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè é.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló wọlé, ó ṣí fìlà, òógùn bò ó.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá adájọ́."

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Akọ̀wé ni mí. Ta ló pè yín lẹ́jọ́?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ìwé ìpẹ̀jọ́ yín dà?"

"Kò fi ìwé ránṣẹ́, ìyá. Adájọ́ gan-an ló fi ránṣẹ́."

Ó yọ fóònù kan tó fi ọ̀rá wé, ó nà án sí mi. Lóòótọ́, adájọ́ kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ, ó wọ aṣọ dúdú, ó gbé òòlù dání. Ìyàwó rẹ̀ ò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í.

Bàbá Fúnkẹ́ ni wọ́n ń pè é, àgbẹ̀ oníkòkó ní Omifunfun. Fúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ló bímọ ní Ọ̀rẹ̀, ni ìyá Fúnkẹ́ fi wá bá a wẹ ọmọ.

Ojú mi kò ṣàjèjì sí adájọ́ kékeré yìí. Ìmójì ni, àwòrán kékeré tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, bí ẹnìkan bá pẹ́ dé ibi ìdánrawò orin, wọ́n á fi adájọ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: ìyẹn ni pé ó ní ẹjọ́ láti jẹ́. Bí àwọn ọmọ mi bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá fi adájọ́ síbẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun parí iyàn náà. Bí mo bá sì sọ fún wọn pé mo fẹ́ pa irun mi láró, adájọ́ náà ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Ìyẹn ni pé wọn ò bú mi o, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ojú adájọ́ wò mí.

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé fún un. Kò dúró.

"Mo jẹ̀bi, ìyá. Ewúrẹ́ ìyàwó mi yẹn, èmi ni mo pa á. Mo ní ó sọnù ni."

Mo pa ẹnu mi dé. Ta ló máa dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró?

"Ewúrẹ́ nìkan ni?"

"Ìró rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, mo fi sá kòkó. Ọjọ́ tí mo sì ní mo lọ kí àna wa tí ara wọn ò yá, bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò."

Akọ́dà wa, tí kì í lè jókòó ìṣẹ́jú kan, rọra wọ́ àga sún mọ́ wa. Ibẹ̀ ni ààrẹ kóòtù wa, adájọ́ wa gan-an, bàbá jẹ́jẹ́ kan, bá wa.

"Ẹ sinmi ná, bàbá," ni wọ́n wí. "Kí lẹ kọ sí ìyàwó yín kó tó fi adájọ́ ránṣẹ́?"

Mo wo òkè àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Àwòrán ìkòkò ọbẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, Bàbá Fúnkẹ́ sì kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: "Èmi ni mo sè é. Ó dùn ju tìẹ lọ." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi.

"Bàbá, ọbẹ̀ yín ló fẹ́ dájọ́! Ìwọ̀nba rẹ̀ nìyẹn!"

Bàbá Fúnkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé orí. "Mo gbé! Ẹ̀gbọ́n mi ń di ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní obìnrin tó bá fi adájọ́ lé ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ yẹ. Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ kó o dé Odígbó."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Bí ẹrù bá dé ilé bàbá obìnrin, ta ni yóò gbàgbọ́ pé ọbẹ̀ ló fà á? Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbé e. Ó tún pè. Nígbà tó yá, ohùn líle kan dáhùn.

"Kí ló dé? Mo ti dì í tán, à ń dúró de mọ́tò ni."

"Ẹ tú u, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u! Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni!"

Lẹ́yìn náà ni mo ní kó pe ìyàwó rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ohùn obìnrin náà ń dún kedere.

"Ẹ rí adájọ́ mi? Fúnkẹ́ ló kọ́ mi. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ọbẹ̀ yẹn, èmi ni màá fẹnu ara mi dájọ́ rẹ̀. Níbo lẹ wà, tí ariwo pọ̀ báyìí?"

"Kóòtù."

"Kí lẹ wá ṣe ní kóòtù?"

"Mo... mo wá kí wọn ni."

Akọ́dà wa ké "mẹ̀ẹ̀ẹ́" bí ewúrẹ́. Mo fi ojú pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tó ṣe, ìyá Fúnkẹ́ yà sí ọ́fíìsì mi. Ó ní wọ́n ti rò fún òun tán ní Omifunfun, àtẹrù tí wọ́n dì àtèyí tí wọ́n tú, ṣùgbọ́n kí ni ọkọ òun sọ fún mi gan-an? Mo ní kó bi ọkọ rẹ̀, akọ̀wé kì í gbé ọ̀rọ̀ kóòtù jáde. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ò bá mi dájọ́ ọbẹ̀ náà?" ni mo bi í.

"Mo ti dá a. Ọbẹ̀ náà dùn ju tèmi lọ lóòótọ́. Mo wá dájọ́ pé kí Bàbá Fúnkẹ́ máa sè é lójoojúmọ́ títí ayé."

Nínú gbogbo ìdájọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, mi ò rí èyí tó bá mi lára mu tó o. Bàbá Fúnkẹ́ ò sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.